Ọ̀bẹ Tí Mo Lọ Yàn fún Jìmọ̀ ní Gouka

Ẹ̀yin ará Ṣakí, ẹ̀yin tí ẹ ní Àkànbí lọ jẹ iyán lásán ni nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, mo ti dé. Mo jẹ iyán lóòótọ́, n ó sì sọ bó ṣe rí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ni mo bá lọ, ọ̀bẹ ni mo sì mú bọ̀. Ìwé kejì ni mo kà kí bàbá mi tó fà mí lọ sóko, nítorí náà ẹni tó bá rí ibi tí àmì kò ti pé nínú ohun tí mo kọ, kó fi tirẹ̀ kún un. Irin ni mo mọ̀. Kò sí ẹni tó ra àdá ládùúgbò wa tí kì í kọ́kọ́ gbé e wá kí n fi èékánná ta á. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí, mo ti mọ̀ bóyá irin ni tàbí agolo.

Ẹ má rò pé mò ń fọ́nnu. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í fọ́nnu. Òótọ́ ni mo máa ń sọ nípa ara mi.

*Ohun tó gbé mi dìde*

Ẹ mọ Jìmọ̀, ọkọ Àṣàkẹ́ àbúrò mi. Nígbà tí a kórè kaṣú tán lọ́dún tó kọjá, mo ra ọ̀bẹ àpò kan fún un, irú èyí tó máa ń ká wọnú èèkù rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ó dúpẹ́. Kò lò ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀bẹ náà fi ká mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tó ti ń gé okùn àpò kaṣú. Ìka méjì ló gé. Wọ́n rán an, ó jinná, àmọ́ ìka méjèèjì kò ṣẹ́ po dáadáa mọ́.

Wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nípàdé àwa alóko kaṣú, lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹnìkan ní ṣebí Àkànbí ló yan ọ̀bẹ yẹn. Mo ní ọ̀bẹ kò lẹ́bi, ẹni tí kò mọ ọ̀bẹ lò ló lẹ́bi. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Jìmọ̀ jókòó síbẹ̀. Àna kì í gbó ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, kò tẹ ilé mi mọ́. Àṣàkẹ́ nìkan ló ń wá, á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí mọ́tò ń dúró dè.

Ọ̀bẹ kan ṣoṣo ni mo tíì gbọ́ tí Jìmọ̀ yìn rí. Ti Tómà ni, ọmọ Bantè nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, tó máa ń bá wa gé ẹ̀ka kaṣú lọ́dọọdún. Jìmọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan lóko, kò fẹ́ dá a padà mọ́. "Ọ̀bẹ yìí gbọ́ràn," ló wí.

Mo wá sọ fún Àṣàkẹ́ pé n ó lọ sí ibi tí ọ̀bẹ Tómà ti wá, n ó sì mú èyí tó dára jù ú lọ bọ̀ fún ọkọ rẹ̀.

Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí èyí náà bá tún gé e ńkọ́?"

Mo ní kó má mú mi bínú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn bá mi wọ mọ́tò.

*Savalou*

Savalou ni mo gbà lọ sí Bantè. Òkè olókùúta ló yí i ká, bí ilé wa gan-an, débi pé nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo fẹ́ máa béèrè ọ̀nà ilé mi. Ẹnu ni kò bára mu. Mahi ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, Faransé ni wọ́n fi ń bínú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí àlejò, "kúàbọ̀" ni wọ́n ń kí i, ara mi sì balẹ̀. Nàgó ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá. "Nàgó, jókòó." "Nàgó, mu omi."

Ọkùnrin àkọ́kọ́ tó bọ̀ mí lọ́wọ́ fi ìka àárín rẹ̀ há tèmi bó ṣe ń jọ̀wọ́ mi, ó sì ta á, ó dún pó. Mo yára wo òrùka mi. Ó wà níbẹ̀. Ó jọ pé bí wọ́n ṣe ń kíra nìyẹn. Kó tó di ẹnì karùn-ún, èmi náà ti ń ta á, tèmi sì ń dún ju tiwọn lọ.

Ẹni tó bá ní òun ti jẹ gàrí tí kò tíì jẹ ti Savalou, kó rọra máa sọ̀rọ̀. Ó fín, ó gbẹ kanrin, bí o bá jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó ń ró. Wọ́n bu omi tútù sí i fún mi, wọ́n fi wàrà díndín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wagasí ni wọ́n ń pe wàrà ọ̀hún, ewé ọkà bàbà ni wọ́n fi ń pa á láró tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi pupa. Mo jẹ àwo méjì. Wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ sí i, mo ní rárá, kí wọ́n má bàa sọ pé ebi ló lé Nàgó wá.

Ọjà ni mo gbà lọ lẹ́yìn ìyẹn. Ọkùnrin kan pàtẹ ọ̀bẹ sórí tábìlì, ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ lẹ́nu àwọn oníṣòwò tiwa. Mo ń wò, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ó gbé ọ̀kan sókè. "Pátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá mi, ẹni tó mọ irin nìkan ló máa ń gbé irú èyí."

Mo ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé mo mọ irin?"

"Ojú yín ló sọ."

Mo rí i pé olóye èèyàn ni. Ọ̀bẹ náà ń dán bíi dígí. Òun náà ń ká wọnú èèkù, ṣùgbọ́n ó tóbi ju èyí tí mo rà fún Jìmọ̀ lọ, ó ní ayùn kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ohun tí a fi ń ṣí ìdérí ìgò, ó sì ní ahọ́n irin kan nínú bíi ti àkọ́kọ́ yẹn, tó máa ń yọ dí ojú ọ̀bẹ kó má bàa ká. Mo fi èékánná ta á. Ohùn rẹ̀ dára. Mo sanwó, mo gbé e. Lọ́kàn mi, ìrìn-àjò ti parí. Kí n kàn dé Bantè lọ kí ìyá Tómà bí mo ti ṣèlérí fún Tómà, kí n sì yíjú sílé.

*Bantè*

Ìyá Tómà jẹ́ aránṣọ, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn dé nígbà tí mo wọlé, sútánà funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣófo, nítorí wọn kì í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ yẹn. Ó gbé omi fún mi. Mo fẹ́ máa ṣàlàyé ara mi, ó ní kí n mu ún tán ná, ọ̀rọ̀ kì í sá.

Ìṣà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ọmọ ìyá Yorùbá ni, ẹ ó gbọ́ ọ, ẹ ó tún pàdánù rẹ̀. Lójú tèmi, ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé ọ̀rọ̀ tiwa ka iná, tí wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó jinná. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá náà.

Ó ní, "Àbúrò, tiyín ló jóná."

Ó fẹ́ gún iyán. Kí n lè fi ọ̀bẹ mi hàn án, mo ní kó gbé iṣu wá, èmi ni n ó bẹ ẹ́. Obìnrin náà kọ̀, ó ní àlejò kì í bẹ iṣu. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ iṣu mẹ́ta, mo gé wọn, mo fi aṣọ nu ọ̀bẹ, mo fẹ́ ká a. Kò ká. Omi iṣu ti wọ oríkèé rẹ̀, ó ti dì síbẹ̀ bíi lẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo fi omi sí i. Ó lanu sílẹ̀, ó ń wò mí.

Ìyá Tómà gbé ọmọ odó dání, ó ní, "Ọ̀bẹ yín ti jẹun yó, kò fẹ́ sùn mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín, kó má bàa jẹ́ pé òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Iyán náà dán, kò ní kókó kan ṣoṣo, ọbẹ̀ ẹ̀pà ló fi bá a rìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ ti padà wá bá mi nídìí àwo. Bí n kò bá lè fi ọ̀bẹ yìí bẹ iṣu níwájú ìyá àgbà kan, báwo ni n ó ṣe gbé e fún Jìmọ̀?

Ìyá Tómà rí i pé mo ń wo ọ̀bẹ ju iyán lọ. Ó ní, "Ti Tómà kì í ṣe ọjà ni wọ́n ti gbé e. Gouka ni. Bàbá alágbẹ̀dẹ kan wà níbẹ̀. Ẹ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ọlọ́kadà gbé yín lọ."

*Gouka*

Erùpẹ̀ pupa ló kún ojú mi nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Bàbá náà gbẹ bí igi ìdáná, irùngbọ̀n rẹ̀ ti jó lápá kan. Ìyàwó rẹ̀ ń fi ẹwìrì fínná, kò gbójú sókè.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Láti Ṣakí ni mo ti wá. Tómà ń bá wa gé kaṣú níbẹ̀, ìyá rẹ̀ ló júwe yín fún mi. Mo mọ irin."

Ó ní, "Ó dáa. Èmi ò tíì mọ̀ ọ́n tán."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín sínú ẹwìrì.

Ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ó to ọ̀bẹ mẹ́ta lé e, ó ní kí n yan ọ̀kan. Mo ta wọ́n pẹ̀lú èékánná lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé èyí tó wúwo jù, tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, tó fẹ̀ bí ahọ́n màlúù. Kò yìn mí, kò bú mi. Ó gbé ọsàn kan, okùn ògbólógbòó, ìlàjì iṣu àti ẹ̀ka kaṣú tín-ín-rín síwájú mi.

"Fi ọ̀kan tí o yàn yẹn ṣe gbogbo rẹ̀."

Okùn já lẹ́ẹ̀kan náà, mo wo ojú ìyàwó rẹ̀ bóyá ó rí i. Ṣùgbọ́n iṣu kò gé, ńṣe ló là fàà bí igi. Nígbà tí mo bó ọsàn tán, ìlàjì rẹ̀ ti bá èèpo lọ. Ẹ̀ka kaṣú fọ́ lẹ́nu ibi tó yẹ kó gún régé. Òógùn bò mí, mo ní iná wọn ló gbóná. Mo gbé ẹlẹ́ẹ̀kejì, èyí tó gùn tó rí pẹlẹbẹ. Òun bó ọsàn dáadáa, àmọ́ ó ń mì lára okùn bí ìrù ajá.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni n kò kà sí. Ó dúdú, ojú òòlù ṣì hàn lára rẹ̀, kò sì gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Òun ló ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bàbá náà gbà á, ó yí i padà. Ó ní, "Ọ̀bẹ tí yóò máa bá ọ rìn lójoojúmọ́ kì í ṣe èyí tó mọ iṣẹ́ kan ṣe jù. Èyí tí kò kọ iṣẹ́ kankan ni." Ó fi ìdí èèkù hàn mí, níbi tí irin ti gba inú igi òrí já. "Irin yìí kò dúró lọ́rùn, ó dé ìdí. Kò ní yọ mọ́ ọ lọ́wọ́. Sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni. Yóò dípẹtà bí o bá fi í sílẹ̀ nínú omi, nítorí náà nù ún, fi epo pa á. Bí ojú rẹ̀ bá kú, òkúta ẹnu ọ̀nà rẹ lè jí i. Èyí tó ń dán lọ́jà, bí tirẹ̀ bá kú, ó kú nìyẹn."

Mo ní òun ni n ó gbé.

"Ta ló ni ín?"

"Ọkọ àbúrò mi."

"Ọwọ́ wo ló fi ń mú ọ̀bẹ?"

Ìbéèrè náà bí mi nínú. Mo ní, "Ọ̀tún ni, Bàbá. Ọmọ ilé ire ni."

Ó ní kí n má bínú, gbogbo èèyàn ni òun ń bi. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni òun máa ń pọ́n ojú ọ̀bẹ, ẹ̀gbẹ́ kejì á tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹni tó mú un lọ́wọ́ òdì bá ń gé nǹkan, ọ̀bẹ á máa yà kúrò lójú ìlà, á máa wá ọwọ́ ẹni náà kiri. Ó wá bi mí ohun tó mú mi rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀bẹ àna. Mo ròyìn fún un: ọ̀bẹ àpò, okùn àpò kaṣú, bó ṣe ká mọ́ ọn, títí dé èyí tí mo tún rà ní Savalou.

"Ìka ọwọ́ wo ló gé?"

"Òsì."

Ó gbé òòlù kalẹ̀. Ó ní kí n mú ọ̀bẹ Savalou tó wà lápò mi wá. Ìyá Tómà ti bá mi fi omi gbígbóná tú oríkèé rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀bẹ tó bá ká, ọwọ́ tó mú un dání ló ń gé. Òsì ni àna rẹ fi mú un."

Ó ṣí ọ̀bẹ náà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú un, ó fi ahọ́n irin tó ń dí i hàn mí. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló wà nítòsí ahọ́n náà, kò sì kàn án. Ó wá gbé e sí òsì, ó dì í mú gírí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìka rẹ̀ gan-an ló gùn lé ahọ́n náà, ó sì tì í wọlé. Ó ní kí n fi igi kékeré ti ẹ̀yìn ojú ọ̀bẹ náà. Mo tì í díẹ̀ báyìí, ó ká wọlé lójijì. Ìka bàbá náà ti ṣí kúrò níbẹ̀ kó tó dé.

"Ọ̀bẹ olọ́wọ́ ọ̀tún lo rà fún olọ́wọ́ òsì," ló wí. "Tómà tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ńkọ́? Òun náà òsì ni. Ti òsì ni mo rọ fún un."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti wo ọ̀bẹ Tómà títí. N kò wo ọwọ́ Tómà rí.

Mo sì mọ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé mo mọ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn ará ilé Jìmọ̀ wá mọ̀ wá nítorí Àṣàkẹ́, ọwọ́ òsì ló fi gbé àwo obì fún mi. Mo pariwo mọ́ ọn níwájú ẹbí tèmi àti tirẹ̀. Ó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí obì fi gbẹ. Láti ọjọ́ náà n kò rí òsì rẹ̀ níwájú mi mọ́, mo sì rò pé mo ti wò ó sàn. Ó ń tọ́jú rẹ̀ dé oko ni.

Mo rọra sọ fún alágbẹ̀dẹ pé níbi tiwa, a kì í pe orúkọ ọwọ́ yẹn gàn-ún-gàn-ún. Ọwọ́ àlàáfíà là ń pè é.

Ó ní, "Ẹ ò wá jẹ́ kó ní àlàáfíà?" Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, gbogbo rẹ̀ àpá iná. "Òsì ló ń fi ẹ̀mú di irin mú fún mi. Bí òsì kò bá di iná mú, kí lọ̀tún fẹ́ lù?"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kí bàbá Nàgó jókòó ná. Ó rẹ̀ ẹ́."

Mo jókòó. Ẹ ó rò pé inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni nǹkan kan tú lára mi, bí ẹni sọ ẹrù kaṣú kalẹ̀. Irin kò tàn mí jẹ; ojú mi sí irin ṣì pé. Jìmọ̀ náà kì í ṣe ẹni tí kò mọ ọ̀bẹ lò. Ọ̀rọ̀ náà ní àtúnṣe, àtúnṣe ọ̀hún sì wà níwájú mi, bàbá náà ti ń pọ́n ọ̀bẹ tuntun ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Mo dúró di ọjọ́ kejì. Mo ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí ẹwìrì, ó ní n kò mọ̀ ọ́n fín, mo ní iná wọn ló le. Bàbá gbẹ́ èèkù rẹ̀ kó yọ ikùn díẹ̀ síbi tí àtẹ́lẹwọ́ òsì yóò ti gbà á, ó rán àkọ̀ awọ ewúrẹ́ sí i. Nígbà tó gbé e fún mi, mo fi ọ̀tún mú un. Kò bá mi mu rárá. Mo yọ̀ pé kò bá mi mu.

Ọ̀bẹ Savalou ńkọ́? Mo fi í sílẹ̀ fún Ìyá Tómà nígbà tí mo ń bọ̀. Ó ní òun á máa fi ṣí ìgò.

*Abẹ́ igi máńgòrò*

N kò gba ilé Jìmọ̀ lọ. Mo dúró de ọjọ́ ìpàdé. Àṣàkẹ́ ló bá mi bẹ̀ ẹ́ kó wá, Jìmọ̀ sì jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tómà.

Mo dìde. Mo ní, "Lọ́jọ́sí mo sọ níhìn-ín pé ọ̀bẹ kò lẹ́bi, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò ni. Mo ti rìn jìnnà, mo ti béèrè. Ẹni tó yan ọ̀bẹ ló lẹ́bi. Èmi ni."

Alága ní ṣé ara Àkànbí yá báyìí.

Mo gbé ọ̀bẹ náà sórí ẹní níwájú Jìmọ̀, mo fi ọsàn kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó fà á yọ nínú àkọ̀. Mo rí i bí èèkù náà ṣe kọ̀ ọ́. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀. Lẹ́yìn náà ó dẹ́kun, ó ti mọ̀. Ó gbójú sókè wò mí.

Mo ní, "Gbé e sí ọwọ́ kejì."

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn àgbà wà níkàlẹ̀."

"Èmi náà àgbà ni. Ọwọ́ rẹ ni mo ní kí wọ́n rọ ọ́ fún."

Tómà gbé òsì tirẹ̀ sókè, ó sọ fún Jìmọ̀ pé, "Bọ̀ọ̀sì, gbé e jàre. Ṣé èmi nìkan ni n ó máa dá ṣe é ni?"

Ó gbé e sí òsì. Ìka méjì tí kò ṣẹ́ po dáadáa yẹn rí ibi sinmi lé lára ikùn èèkù náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn, èèpo rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìlà kan ṣoṣo, kò já títí ó fi dé orí ẹní. Ó là á sí méjì. Apá tó fẹ́ fún mi wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó sì ti ń wá bí yóò ṣe gbé e sí ọ̀tún kó tó nà án sí mi.

N kò jẹ́ kó gbé e síbẹ̀. Mo na òsì tèmi, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.